Iye Owó Tí Yàrá Ẹ̀yìnkùlé Ń Jẹ Gan-an

Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a ń rí jù nínú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí ni: "láti kọ́ yàrá sí ẹ̀yìnkùlé." Ẹlòmíràn a kọ "bọ́ìs kọ́tà," ẹlòmíràn a kọ "self-contain méjì." Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé kì í ṣe eré lọ́dọ̀ àwa Èkìtì. Ẹni tí kò bá tíì kọ́lé sílé, bó ti wù kó lówó tó, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò ṣì máa bi í pé ìgbà wo. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ ń kọ sínú fọ́ọ̀mù náà kì í tó iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Bí ilé bá dé ìdajì, ẹ ó tún padà wá. Bí a kò bá rí i yá yín, ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ni ẹ ó tà fi parí rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ká jọ jókòó ti ìṣirò yìí lóṣù yìí.

Orúkọ tí a ń pè é, bọ́ìs kọ́tà, láti ayé ìjọba òyìnbó ló ti ṣẹ̀ wá. Nígbà náà, bí wọ́n bá kọ́ ilé fún ọ̀gá ìjọba ní GRA, wọn a kọ́ yàrá kéékèèké sẹ́yìn fún kúùkù àti ọmọ ọ̀dọ̀. Kúùkù ti lọ, orúkọ ló kù. Lónìí akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ibẹ̀, tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí tíṣà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, tàbí ìyá wa tó ti dàgbà tí a fẹ́ kó wà nítòsí. Kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2017 ni òfin ti mú un rọrùn fún onílé láti kọ́ ilé kékeré sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, nítorí pé ilé gbígbé wọ́n níbẹ̀. Àwọn náà ń kígbe pé owó omi, owó iná àti owó ibi tí ìdọ̀tí máa gbà lọ a máa já lu onílé lójijì. Ohun tó ń ṣe Lèmọ́mù ló ń ṣe Pásítọ̀.

Ní apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ọdún 2011 ni nǹkan yí padà. Ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ dá Federal University Oye-Ekiti sílẹ̀, èyí tí a ń pè ní FUOYE, wọ́n sì gbé apá kan rẹ̀ sí Ìkọ̀lé. Ilé tí àwọn ọmọ náà máa gbé kò sí nílẹ̀ tó, ni àwọn onílé bá yíjú sí ẹ̀yìnkùlé. Ibi tí wọ́n ń gbin ewédú àti ata sí, ibi tí adìyẹ ń jẹ̀ sí, ó di yàrá. Ìdó náà ní tirẹ̀, nítorí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀. Ní Ọ̀tùn tiwa, òṣìṣẹ́ káńsù, tíṣà àti oníṣòwò ni ayálégbé wa, wọn kò sì pọ̀ bíi ti Ọ̀yẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé sí Ọ̀tùn kí ó má fi owó ilé tó gbọ́ ní Ọ̀yẹ́ ṣírò.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú ilé kan ká fi ṣe àpẹẹrẹ. Self-contain méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12. Lẹ́yìn yàrá, kíṣìnì kékeré kan wà ní ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 6, balùwẹ̀ àti ilé ìyàgbẹ́ wà pa pọ̀ ní 6 sí 6. Gbogbo ilé náà lápapọ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24 ní ìbú, 18 ní gígùn. Bí ẹ bá fi okùn wọn gbogbo ògiri rẹ̀, ti ìta àti ti inú, ẹ ó rí i pé ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 138. Bí ògiri bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10, tí a sì yọ ojú fèrèsé àti ojú ilẹ̀kùn kúrò, búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì mẹ́sàn-án tí yóò lọ síbẹ̀ tó nǹkan bí 1,000.

Iye tí ọ̀pọ̀ yín ń gbé wá nìyẹn. Bíríkìlà ló sọ ọ́, kò sì purọ́: ó ka ohun tí ojú máa rí. Ẹ wá jẹ́ ká ka ohun tí ojú kò ní rí.

Abẹ́ ògiri yẹn ní ìpìlẹ̀. Tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ìpele búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ló máa wà nínú ilẹ̀ kí ilé tó yọrí. Nǹkan bí 90 ni ìpele kan ń gbà, nítorí náà 360 ti lọ. Bí ilẹ̀ bá sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ Èkìtì, apá kan lè gba ìpele méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká tó wá sọ ti ilẹ̀ pupa tí a ó fi kún inú rẹ̀. Ẹ tún wo sókàwéè. Kò sí bí ilé ìyàgbẹ́ abómi méjì ṣe lè wà láìní ihò méjì: èyí tí ìgbẹ́ máa dúró sí, àti èyí tí omi rẹ̀ máa gbà wọ ilẹ̀. Méjèèjì kò ní dín ní 250 búlọ́ọ̀kù. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di 1,610. Ẹ fi àwọn tó máa fọ́ nínú ọkọ̀ àti lọ́wọ́ lébìrà kún un, kó di 1,700. Ẹ̀ ń rí i báyìí pé 700 búlọ́ọ̀kù ni kò sí nínú ìṣirò tí ẹ mú wá.

Ti sìmẹ́ńtì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń fún búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ yóò rí nǹkan bí 30 sí 35 nínú àpò kan bí ó bá fẹ́ kó le dáadáa. Nítorí náà 1,700 yóò gba nǹkan bí àpò 53. Mímọ ògiri á gba 30. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 83, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ yín ń dúró sí. Ṣùgbọ́n kọnkéré ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ á gba nǹkan bí 20, ilẹ̀ inú yàrá á gba 18, líńtẹ́lì tó máa yí gbogbo ilé po lórí fèrèsé á gba 14, rírẹ́ ògiri nínú àti lóde á gba 25, ìdérí sókàwéè àti rírẹ́ inú rẹ̀ á gba 10. Ẹ kà á. Àpò 170 ni. Ìlọ́po méjì ohun tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù, ó tún fi díẹ̀ lé.

Àwọn kan máa ń rò pé àwọn gbọ́n ju sìmẹ́ńtì lọ. Wọn a fún búlọ́ọ̀kù 50 nínú àpò kan. Lóòótọ́, àpò 19 ni wọ́n máa fi pamọ́ nínú ilé tí a ń sọ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ gbé irú búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ sókè níwọ̀n ìbàdí, kí ẹ jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ẹ ó rí ohun tí ojú máa rí. Ó tún ku èyí tí kì í náni ní kọ́bọ̀ tí a kì í sì í ṣe: bíbu omi rin búlọ́ọ̀kù láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje ó kéré tán lẹ́yìn tí a bá fún un tán. Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ tí ẹ fi ń sá a kì í mú un le, ńṣe ló ń gbẹ omi tó yẹ kí sìmẹ́ńtì fi dì.

A kò tíì dárúkọ yanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, irin, pákó, páànù, ilẹ̀kùn, fèrèsé àti irin ààbò rẹ̀, wáyà iná, páìpù, síìlì, ọ̀dà. Àwọn kọ́lékọ́lé máa ń sọ pé ilé tó dé òrùlé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì ni. Ọ̀rọ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Lórí irin, ohun kan péré ni a máa sọ: irin oní-mílímítà 12 tó pé gbọ́dọ̀ wọn ju kílò 10 lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó gùn ní mítà 12, tí a bá sì ka tọ́ọ̀nù kan, kò yẹ kó ju nǹkan bí 94 lọ. Bí oníṣòwò bá ka 110 fún yín tó ní tọ́ọ̀nù kan ni, kì í ṣe ẹ̀bùn ló ń fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi òṣùwọ̀n tà lọ́jà mọ ohun tí a ń wí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ omi, nítorí ibẹ̀ ni owó kan fara pa mọ́ sí tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló máa ń san án. Láti ayé àwọn wolé-wolé ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé kànga kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ṣáláńgá. Mítà 30 ni àwọn onímọ̀ ìlera máa ń dá lámọ̀ràn láàárín kànga àti sókàwéè, ìyẹn nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Ó dáa. Pulọ́ọ̀tì kan tí a ń tà láàárín wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Ilé ńlá wà níwájú, ó ní sókàwéè tirẹ̀. Bọ́ìs kọ́tà wà lẹ́yìn, òun náà fẹ́ ní tirẹ̀. Kànga wà láàárín. Níbo ni mítà 30 yẹn máa wà? Kò sí! Bí ẹ bá sì sá fún kànga tiyín, ẹ ó sún mọ́ ti ará ilé kejì. Àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀ wa níhìn-ín, kò jìnnà sókè, ojú ọ̀nà tí omi fi ń gba inú rẹ̀ kọjá kò ṣeé fojú rí. Ohun tí ẹ dà síhìn-ín lè yọ sínú kànga aládùúgbò. Kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ihò kan, kí ó lọ wo kànga tó wà ní ìhà méjèèjì àti lẹ́yìn. Bí ààyè kò bá sí, ẹ lè darí páìpù ilé tuntun sínú sókàwéè ti ilé ńlá bí ó bá gbà á, tàbí kí ẹ dín ilé náà kù sí yàrá kan. Ó sàn ju kí ẹ máa bá aládùúgbò ṣẹjọ́ lọ́dọ̀ ọba.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ àkókò. Láyé àtijọ́, ilé amọ̀ ni, àáró àti ọ̀wẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ nígbà náà pàápàá: ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ní í gúnyán, ní í pẹran, ní í pọn ẹmu. Ṣùgbọ́n iye tó máa ná a, ó mọ̀ ọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Ilé sìmẹ́ńtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí ọdún 2023, nǹkan bí ₦5,000 sí ₦6,000 ni àpò sìmẹ́ńtì kan ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2024, lẹ́yìn tí náírà ti bọ́ sílẹ̀, ó ti kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi, títí tí ìjọba fi pe àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe é jọ, tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí ₦7,000 sí ₦8,000. Ẹ wo ẹni tó ní àpò 170 láti rà, tó rò pé òun á dúró kí ọdún tuntun dé ná. Tí ìyàtọ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ₦4,000 péré lórí àpò kan, ₦680,000 ti lọ, kò sì fi kún ilé ní búlọ́ọ̀kù ẹyọ kan. Nítorí náà, ilé tí a dá dúró láàárín ọ̀nà ni ilé tó wọ́n jù. Ògiri tí kò ní òrùlé, òjò ọdún méjì á wọ inú rẹ̀, pákó tí ẹ ti rà á kọlẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, ikán á jẹ ẹ́, irin á dógùn-ún. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò gbé yàrá méjì, ẹ jẹ́ kó kọ́ ọ̀kan, kó kàn án ní páànù, kó fi ẹnu ìpìlẹ̀ èkejì sílẹ̀.

A ti dé ibi tó kan ẹ̀yin ọlọ́jà gan-an, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fara balẹ̀. Àwọn iye tí a máa lò nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe iye ọjà, àpẹẹrẹ ni, kí kálukú lè fi tirẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ká ní ilé náà jẹ ₦6,000,000 tán pátápátá. Ká ní yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú ₦200,000 wá lọ́dún. ₦400,000 nìyẹn fún méjèèjì. Ọdún 15 ni owó yín máa tó pé padà, bí kò bá sí ọjọ́ kan tí yàrá ṣófo, tí páànù kankan kò jò, tí ẹ̀rọ omi kankan kò bàjẹ́. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Bí yàrá bá ṣófo fún ọdún kan nínú márùn-ún, tí ẹ sì ń ná ₦50,000 sórí àtúnṣe lọ́dún, ohun tó ń wọlé di ₦270,000, ọdún 15 sì di 22. Ẹni tó jẹ́ ẹni ogójì ọdún nígbà tó bẹ̀rẹ̀ yóò ti lé ní ọgọ́ta.

Ẹ wá wo ẹ̀yáwó. Ká ní ẹ yá ₦2,000,000 nínú owó náà, láti san án ní oṣù 24, kí èlé rẹ̀ jẹ́ ₦200,000. Ohun tí ẹ máa san lóṣooṣù lé ní ₦91,000, sísan náà sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ẹ ṣì ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Owó ilé kì í wọlé lóṣooṣù, ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san án. Ní oṣù 24 yẹn, bí ilé bá tètè parí, ẹ lè gba owó ilé lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn ₦800,000. Gbèsè jẹ́ ₦2,200,000. Níbo ni ₦1,400,000 tó kù máa ti wá? Ibi kan ṣoṣo ni: àpò ìrẹsì tó yẹ kó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ẹ̀gì epo pupa, aṣọ tó yẹ kó wà lórí àtẹ. Ilé kò san gbèsè ara rẹ̀. Ọjà ló ń san án.

Owó ọjà tó bá ti di búlọ́ọ̀kù kì í padà di owó ọjà kíákíá. Ká ní ₦2,000,000 ni ẹ fi ń ṣòwò, tí èrè ₦5 ń wà lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì ń tà á tán lẹ́ẹ̀mẹjọ lọ́dún. ₦800,000 ni èrè yẹn lọ́dún kan. Ìlọ́po méjì ohun tí ilé ₦6,000,000 ń mú wá ni, láti inú owó tí kò ju ìdámẹ́ta rẹ̀ lọ. Lóòótọ́, ọjà lè kú, olè lè jà, ilé á sì dúró. Lóòótọ́ náà, bí náírà ṣe ń bọ́ sílẹ̀, iye ilé ń gòkè, ọmọ ẹni á sì rí i jogún. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ohun tí a ń sọ ni pé èrè ọjà ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kí ẹ fi ìyá owó sílẹ̀ síbi tó wà. Ẹni tó bá tú ìyá owó fi kọ́ bọ́ìs kọ́tà, ayálégbé rẹ̀ ló kù tí yóò máa retí lọ́dọọdún.

Ìretí yẹn náà sì ní ewu tirẹ̀ ní apá ibi tí yunifásítì wà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n ti FUOYE pa lẹ́yìn ìwọ́de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí iná mànàmáná. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, àrùn kòrónà dé, ìyanṣẹ́lódì ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, sì ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù náà. Ó di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó dá a dúró. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022 ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ó sì gba oṣù mẹ́jọ gbáko, títí di oṣù kẹwàá. Nírú àkókò bẹ́ẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sanwó a kó lọ sílé, nígbà tó bá sì padà dé a ní kí onílé bá òun fi oṣù tí òun kò gbé kún un. Ṣé kí onílé gbà ni àbí kó kọ̀? Bí ó bá kọ̀, ọmọ náà lè kó lọ sí ilé tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ilé tuntun kò sì dẹ́kun ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Ìyẹn ni a fi sọ nínú ìṣirò wa lókè pé ọdún kan nínú márùn-ún á ṣófo. Ẹni tó bá kọ́lé ní ọdún 2019 á sọ pé a tilẹ̀ ṣe é ní jẹ́jẹ́.

Tí ó bá jẹ́ pé ìyá ẹni tàbí ọmọ ẹni ló máa gbé ibẹ̀, ìṣirò owó ilé kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n àpò 170 kò yí padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìnkùlé tí a ń sọ yìí, ẹ̀yìnkùlé bàbá ẹni ni. Ilẹ̀ ẹbí ni. Ọmọ ẹbí tó bá kọ́lé sórí ilẹ̀ ẹbí lè gbé inú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa lé e, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò tìtorí rẹ̀ di tirẹ̀ nìkan. Bí ó bá fẹ́ tà á lọ́la, tàbí fi í dúró fún owó, yóò gbọ́ ohùn olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí. Iyàn tí a kò bá jà nígbà tí bàbá wà láàyè, àwọn ọmọ ló ń jà á ní kóòtù. Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti ìgbà òfin ètò ìlú ti ọdún 1992 ni ìwé àṣẹ ìkọ́lé ti di dandan, ilé ẹ̀yìnkùlé kò sì yọ sílẹ̀. Owó àwòrán ilé àti owó àṣẹ náà, ẹ fi í sínú ìṣirò.

Ẹ̀yin ìyá wa, tiyín yàtọ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú ọlọ́jà ẹgbẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì ń fi owó ọjà kọ́ yàrá sí ẹ̀yìn ilé ọkọ. A kò bá yín lọ́kọ jà o. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1957, ilé-ẹjọ́ Federal Supreme Court ti sọ ọ́ pé ní àṣà Yorùbá, aya kì í jogún ohun ìní ọkọ rẹ̀. Òfin ní ìpín fún aya tó ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an kò sọ ilẹ̀ ẹbí ọkọ di tirẹ̀. Bí ọkọ bá kú láìṣe ìwé, ọmọ yín ló ní ẹ̀tọ́ sí i. Bí ọmọ kò bá sí, àwọn ẹbí rẹ̀ lè sọ pé àwọn kò mọ ẹni tó ra sìmẹ́ńtì. Nítorí náà, kí gbogbo rìsíìtì jẹ́ ní orúkọ ẹni tó sanwó. Kí bàálé ilé náà kọ ìwé kan, nígbà tí ara ń le tí inú ń dùn, pé owó ìyàwó òun ni a fi kọ́ yàrá báyìí-báyìí sórí ilẹ̀ òun, kí ọmọ tàbí àbúrò rẹ̀ kan sì fọwọ́ sí i. Bí ọ̀rọ̀ náà bá nira láti sọ nílé, ẹ mú un wá bá àwọn ìyá tó wà nínú ìgbìmọ̀ wa, wọn á bá yín wá ọ̀nà sọ ọ́. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ tí ẹ fi orúkọ ara yín rà, ẹ wo ibẹ̀ ná kí ẹ tó wo ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn.

Láti oṣù tó ń bọ̀, ẹni tó bá mú fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó wá fún ilé ẹ̀yìnkùlé, kí ó mú ìṣirò bíríkìlà wá pẹ̀lú, èyí tí a ti fi ìpìlẹ̀, sókàwéè, ilẹ̀ inú yàrá àti rírẹ́ ògiri sí. Kí ó kọ iye ẹsẹ̀ bàtà tó wà láàárín sókàwéè tuntun àti kànga tó sún mọ́ ọn jù, ti tirẹ̀ àti ti aládùúgbò. Kí ó mú ìwé ìyọ̀ǹda ẹbí wá bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí. Kí ó sì kọ iye owó tó wà nínú ọjà rẹ̀ lónìí, àti iye tó máa kù níbẹ̀ bí ilé bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé kí ó má tijú, akọ̀wé ẹgbẹ́ á bá a kọ ọ́ ní ọ́fíìsì, yóò sì ka gbogbo rẹ̀ sí i létí kó tó tẹ̀ka.